Ibi Tí Sílífá Ti Sín

Fadérẹra wá orin náà rí fún mi lórí fóònù lánàá.
Ó ní, "Màámi àgbà, ṣé èyí nìyí?"
Òun náà ni. Jìtá ló kọ́kọ́ wọlé,
bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
fèrè tẹ̀lé e, olórin bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyàwó rẹ̀.
Ó mọ́ gaara. Kò sí eruku kankan lára rẹ̀.
Mo tẹ́tí, mò ń dúró de ibì kan.
Ibẹ̀ dé, ibẹ̀ kọjá,
kò sẹ́ni tó sín.

Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ni wá nígbà náà, ní Òkè-Bọ́lá,
èmi àti Sílífátù ọmọ oníbàtà.
Máṣíìnì méjì, àpótí ìjókòó kan,
rédíò ọ̀gá wa, tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.
Ṣùgbọ́n ọ̀gá a máa lọ sí Mọ́níyà lọ́jọ́ Àìkú,
ọjọ́ Àìkú kan náà, láago mẹ́rin, ni wọ́n ń gbé orin àtijọ́ sí i.
A ó ti sá báàtìrì sórí páànù láti àárọ̀
kí oòrùn lè dá ẹ̀mí padà sí i lára.
Èyí tó bá ṣagídí, Sílífá á fi eyín tẹ̀ ẹ́ nídìí.
Mo ní, "Májèlé ló wà ńbẹ̀ o."
Ó ní, "Orin ló wà ńbẹ̀."

Kò mọ ọ̀rọ̀ orin kankan délẹ̀.
Ohùn fèrè ló máa ń fẹnu ṣe:
á wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọmọ tó ń fẹ́ iná,
páà-pa-ràà, pa-ràà,
pínnì mẹ́ta há sí igun ẹnu rẹ̀.
Èmi ni mò ń ta jìtá, lórí itan ara mi.
Ìyá òdìkejì á yọrí lójú fèrèsé:
"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀ ń ránṣọ ni, àbí ẹ̀ ń ya wèrè?"
Sílífá á ní, "Méjèèjì ni, mà."

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní. Ìwàásù ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.
A fi bébà dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀,
a fi bírò yí i padà síbẹ̀rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí orin náà dé, ọyẹ́ ń fẹ́,
eruku bo páànù láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ẹsẹ̀ Màpó.
Mo tẹ bọ́tìnì. A kò mí.
Jìtá wọlé. Fèrè wọlé.
Ibi tí fèrè ti fẹ́ gòkè lẹ́ẹ̀kejì,
Sílífá sín.
Ó tún sín. Ó ní, "Àlìhámúdù lílàhì."
Ohùn tèmi náà wà ńbẹ̀, ó le bí òkò:
"Dákẹ́ jàre! O ti ba orin jẹ́!"

Ogójì ọdún la fi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.
Nígbà tó lọ sílé ọkọ ní Bódìjà,
nígbà tí mo bí àkọ́bí mi,
nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.
Bó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, á na ìka sókè:
"Ẹ dákẹ́ o. Ó kàn mí."

Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀.
Kí n tó rí ọkọ̀ wọ̀, wọ́n ti sin ín.
Sílífá tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu,
tí mo ní kó dákẹ́ tí kò dákẹ́.

Téèpù náà ti já ṣáájú rẹ̀.
Ó wà nínú agolo bisikíìtì, láàárín òwú àti bọ́tìnì.

Fadérẹra ní, "Ṣé kò dáa ni, Màámi àgbà?"
Mo ní, "Ó dáa. Tún un gbé sí i."
Jìtá wọlé. Fèrè wọlé.
Mo na ìka sókè
nínú pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀.